Noble, Angel, Florin, Ducat àti Dínárì: Èwo Ni Kí Ẹ Fi Bẹ̀rẹ̀ Àkójọ Owó Wúrà Àtijọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ ra owó wúrà ìgbàlódé kò níṣòro púpọ̀. Ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan jọ èkejì, wúrà inú rẹ̀ ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó díye lé e. Owó wúrà ayé àtijọ́ ti Yúróòpù àti Àríwá Áfíríkà kò rí bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń lù ú. Wọn á gé wúrà pẹlẹbẹ, wọn á gbé e sórí òǹtẹ̀ kan tí wọ́n ti kàn mọ́ kùkùté igi, wọn á gbé òǹtẹ̀ kejì lé e, òòlù á sì balẹ̀. Bí òǹtẹ̀ òkè bá yẹ̀ díẹ̀, àwòrán á fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí òòlù bá balẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́tà á ní òjìji. Ìdí nìyí tí owó méjì tí orúkọ àti ìwọ̀n wọn jẹ́ bákan náà fi lè wà lórí àtẹ kan ṣoṣo, kí iye ọ̀kan sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì.

Màá fi wọ́n wé ara wọn níbí, n kò sì ní fi èrò mi pamọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kékeré tó pé, tí a mọ ibi tó ti wá, sàn ju ńlá tó ti fara gbọgbẹ́ lọ.

Noble àti ìdámẹ́rin rẹ̀

Noble ni ojú gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń lọ bá. Ní oṣù kìíní ọdún 1344, Ọba Edward Kẹta ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé owó wúrà kan jáde tí à ń pè ní double leopard, ṣílè 6 ni. Iye tí wọ́n bù lé wúrà inú rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, àwọn oníṣòwò kò gbà á, kí oṣù kẹsàn-án tó dé wọ́n ti fagi lé e. Àwọn tó ṣẹ́ kù láyé kò pé ìka ọwọ́ kan, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ wá a. Noble ló rọ́pò rẹ̀ lọ́dún yẹn kan náà: ṣílè 6 àti pẹ́nì 8, mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ pọ́n-ùn kan géérégé (pẹ́nì 12 ni ṣílè kan, ṣílè 20 sì ni pọ́n-ùn kan). Tafàtafà orí ẹṣin tó lọ jagun ní Faransé ń gba pẹ́nì 6 lójúmọ́, ìyẹn ni pé noble kan lé díẹ̀ ní owó iṣẹ́ ọjọ́ 13.

Ọba dúró gbagidi nínú ọkọ̀ ojú omi, idà lọ́wọ́ ọ̀tún, apata lọ́wọ́ òsì. Lẹ́yìn, àgbélébùú tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ló wà láàárín, ọ̀rọ̀ inú Lúùkù orí 4 ẹsẹ 30 sì yí i ká lédè Látìn, pé Jésù kọjá láàárín wọn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Fífẹ̀ rẹ̀ tó mìlímítà 33. Kò sí owó Gẹ̀ẹ́sì ìgbà yẹn tó kún ojú bẹ́ẹ̀.

Láti 1351 ni ìwọ̀n rẹ̀ ti wà ní gíráàmù 7.78. Ní 1412, Henry Kẹrin dín in kù sí gíráàmù 7. Ẹni tó ń rà gbọ́dọ̀ mọ èyí sórí. Bí oníṣòwò bá ní noble Edward Kẹta ti ẹ̀yìn 1351 lòun ń tà, tí òṣùwọ̀n wá ń sọ gíráàmù 6.9, a jẹ́ pé wọ́n ti rẹ́ ẹ létí, tàbí kó jẹ́ pé ọba mìíràn ló ni ín. Rírẹ́ owó létí wọ́pọ̀ láyé ìgbà náà: èèyàn á fi àlùmọ́gàjí gé wúrà díẹ̀ kúrò létí rẹ̀, á fi èyí tó gé pamọ́, á sì tún ná owó náà ní iye rẹ̀.

Ìdámẹ́rin noble wọn gíráàmù 1.94. Wúrà kan náà ni, èyí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àbùlà kankan, ọba kan náà, ogun kan náà. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀, kò sí ọba. Apata ọba nìkan ló wà níwájú, ọ̀rọ̀ Sáàmù tó ní a ó gbé e ga nínú ògo sì wà lẹ́yìn. Ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn mélòó kan ni wọ́n sábà máa ń tà á, nígbà tí odidi noble máa ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Owó tí ẹ bá fi ra noble tí ojú ọba ti pa rẹ́, tí etí rẹ̀ ti lọ, lè ra ìdámẹ́rin noble tí lẹ́tà rẹ̀ pé láti orí dé ẹsẹ̀. Mo fara mọ́ kékeré yẹn. Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ yẹn ló wọ̀ yín lọ́kàn, tí nǹkan mìíràn kò lè tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ ní sùúrù, ẹ tọ́jú owó sí i. Ẹ má fi noble tó ti bàjẹ́ tu ara yín nínú.

Èyí tó rọrùn jù láti rí lára noble ni ti ìbẹ̀rẹ̀ ìjọba Henry Kẹfà, láàárín 1422 sí 1427. Ẹ máa rí òrùka kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ tí ọba fi di idà mú. Ọba tí àwòrán rẹ̀ di ìhámọ́ra nínú ọkọ̀ yìí, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án ni nígbà tó gorí oyè. Èmi fẹ́ràn owó yẹn gidigidi nítorí èyí.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, bí ẹ bá wà ní London, ẹ lọ sí British Museum, ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ibẹ̀ ni apá kan ìṣúra Fishpool wà, èyí tí wọ́n hú jáde ní Nottinghamshire lọ́dún 1966: owó wúrà 1,237, tí ẹnì kan rì mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí 1464 nígbà ogun abẹ́lé Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá ti wo ojúlówó dáadáa, ayédèrú kò ní tètè rí i mú.

Noble àti franc à cheval

Ogun kan ló so àwọn méjèèjì pọ̀. Ní Poitiers lọ́dún 1356 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Ọba John Kejì ti Faransé lóju ogun. Owó ìràpadà tí wọ́n bù lé e tó mílíọ̀nù 3 écu, ìyẹn owó wúrà Faransé. Nígbà tó padà sílé ní oṣù kejìlá ọdún 1360, ó pàṣẹ kí wọ́n lu owó tuntun, franc à cheval: gíráàmù 3.88, ọba lórí ẹṣin tó ń sáré, idà lókè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ̀n yìí àti ti ìdajì noble fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n àwòrán ti Faransé ni mo máa yàn. Ẹṣin yẹn ń sáré lóòótọ́.

Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a lè fi méjèèjì síwájú ara wọn. Nítorí àdéhùn àlàáfíà Brétigny ti 1360, Edward Kẹta gbà láti má pe ara rẹ̀ ní ọba Faransé mọ́, ó sì fi orúkọ Aquitaine, ilẹ̀ kan ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Faransé, sí i. Lórí noble tí wọ́n lù láàárín 1361 sí 1369, ẹ ò ní rí FRANC nínú orúkọ oyè rẹ̀. AQT lẹ máa rí. Nígbà tí ogun tún bẹ̀rẹ̀ ní 1369, FRANC padà wá. Lẹ́tà mélòó kan ti tó láti mọ̀ bóyá ìgbà àlàáfíà ni wọ́n lu èyí tó wà lọ́wọ́ yín tàbí ìgbà ogun.

Noble àti angel

Ní 1465 Edward Kẹrin dá angel sílẹ̀, nítorí iye noble ti lọ sókè kọjá ṣílè 6 àti pẹ́nì 8 tí àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n mọ́. Angel gba iye yẹn, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ gíráàmù 5.18. Máíkẹ́lì olú-áńgẹ́lì ló wà níwájú, ó ń fi ọ̀kọ̀ gún dírágónì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi wà lẹ́yìn, àgbélébùú ló dúró gẹ́gẹ́ bí òpó rẹ̀.

Bí ẹ bá ń wo wúrà inú rẹ̀, noble ju angel lọ. Bí ẹ bá ń wo bó ṣe máa ń pé tó, angel ló borí, nítorí ó kéré, kò sì tẹ́ pẹlẹbẹ tó noble, nítorí náà kì í tètè wọ́. Ẹ ṣọ́ra fún orúkọ ọba. Ti Richard Kẹta, ọba ọdún méjì péré (1483 sí 1485), wọ́n gan-an. Ti Henry Keje àti Henry Kẹjọ ló wọ́pọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan kò ka ti Henry Kẹjọ mọ́ owó ayé àtijọ́ mọ́.

Àbùkù kan wà tí mo lè gbà lára angel, tí n kò ní gbà lára èyí tó kù: ihò. Àwọn èèyàn gbà pé ọba Gẹ̀ẹ́sì lè fi ọwọ́ kan aláìsàn tí kókó wú sí lọ́rùn kó sì san. Pàápàá láti ìgbà Henry Keje, wọn á fi ọ̀já so angel kọ́ ọrùn ẹni tí ọba fọwọ́ kàn. Ọ̀pọ̀ angel ló ní ihò nítorí èyí, iye wọn sì kéré sí ti èyí tó pé. Ìtàn owó náà ni ihò yẹn ń sọ.

Florin àti ducat

Àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìbejì: nǹkan bíi gíráàmù 3.5, fífẹ̀ tó mìlímítà 20, wúrà tó mọ́ dé ibi tí ọwọ́ ẹ̀dá lè fọ̀ ọ́ mọ́ dé nígbà yẹn. Ìlú Florence ní Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í lu florin ní 1252, òdòdó lílì níwájú, Jòhánù Onítẹ̀bọmi lẹ́yìn. Ìlú Venice, ní Ítálì bákan náà, pàṣẹ ducat ní 1284, nígbà tí Giovanni Dandolo jẹ́ doge, ìyẹn olórí ìlú. Doge kúnlẹ̀ níwájú Máàkù Mímọ́, ó ń gba àsíá lọ́wọ́ rẹ̀. Kristi sì dúró láàárín ìràwọ̀ lẹ́yìn.

Florin ló rẹwà jù lójú tèmi. Ó tún ní àǹfààní kan tí ducat kò ní: àmì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí Jòhánù. Àwọn ọ̀gá ilé ìlùwó tí wọ́n ń yí padà ní oṣù mẹ́fàmẹ́fà ló ni àmì yìí, nítorí náà ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà lè sún mọ́ ọdún tí wọ́n lu owó náà. Ṣùgbọ́n florin ayédèrú àti àfarawé pọ̀. Àfarawé kan tiẹ̀ wà tó ṣeé rà tọkàntọkàn: Họ́ngárì bẹ̀rẹ̀ sí í lu tirẹ̀ ní nǹkan bí 1325, nítorí wọ́n ní wúrà nínú ilẹ̀ wọn. Ti Ọba Sigismund (1387 sí 1437), tí Ladislaus Mímọ́ mú àáké dání lẹ́yìn rẹ̀, wà lára owó wúrà ayé àtijọ́ tó rọ̀ jù lọ́jà. Bí owó tí ẹ ní kò bá pọ̀, ẹ yà síbẹ̀.

Ducat pọ̀ ju florin lọ lórí àtẹ, ti Andrea Dandolo (1343 sí 1354) ló sì wọ́pọ̀ jù. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gún, ojú doge sábà máa ń rí wúruwùru, ṣùgbọ́n wúrà rẹ̀ máa ń mọ́ kedere. Ohun tó ń mú àwọn tó ń rà á kọsẹ̀ ni pé Venice kò yí àwòrán yìí padà títí ìlú náà fi bọ́ sọ́wọ́ Napoleon ní 1797. Owó tí wọ́n kọ ducat Venice sí lórí àtẹ lè jẹ́ ti ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ẹ ka orúkọ doge tó wà lórí rẹ̀, kí ẹ sì kà á tán. Mocenigo nìkan kò tó: Tommaso Mocenigo (1414 sí 1423) jẹ́ ti ayé àtijọ́, Alvise Mocenigo Kẹrin (1763 sí 1778) kò sí níbẹ̀ rárá. Bí lẹ́tà bá dàrú tí kò ṣeé kà, àfarawé tí wọ́n lù ní etíkun ìlà oòrùn Mẹditaréníà tàbí ní Íńdíà ló ṣeé ṣe kó jẹ́. Àwọn kan ń kó ìyẹn náà jọ, ṣùgbọ́n ẹ má san owó ojúlówó fún un.

Fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀, ducat ni màá ní kó rà. Ó pọ̀, ó ṣeé fi wé ara rẹ̀, ẹ sì lè tún un tà láìjìyà.

Dínárì àwọn Almoravid

Àwọn olùkówójọ ní Yúróòpù sábà máa ń fo èyí kọjá, mo sì rò pé àwa ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà kò gbọdọ̀ fò ó. Àwọn Almoravid jọba láti Mòrókò dé Sípéènì ní ọ̀rúndún kọkànlá àti ìkejìlá. Òòlù kan náà ni wọ́n fi lu owó tiwọn, ìwọ̀n rẹ̀ lé díẹ̀ ní gíráàmù 4. Wúrà inú rẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀ Sàhárà, láti Bambuk lágbègbè odò Sẹ̀nẹ̀gàl, tí ràkúnmí gbé gba inú aginjù lọ sí Sijilmasa, ìlú ọjà tó wà ní gúúsù Mòrókò. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ni wúrà náà ti wá, kí ẹnikẹ́ni má parọ́ ìyẹn fún yín kó lè tà á. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wúrà yẹn ló bọ́ ọ̀pọ̀ ilé ìlùwó Mẹditaréníà. Díẹ̀ lára wúrà tí Florence àti Genoa fi bẹ̀rẹ̀ ní 1252, ọ̀nà Àríwá Áfíríkà ló gbà débẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi wé noble. Noble ní àwòrán; dínárì kò ní, lẹ́tà Lárúbáwá nìkan ló wà níbẹ̀, tín-ín-rín, létòlétò, ọ̀rọ̀ Kùránì orí 3 ẹsẹ 85 sì yí i ká. Noble kò sọ ọdún tí wọ́n lù ú. Dínárì sọ orúkọ ìlú àti ọdún Híjírà gan-an. Ẹni tó kàwé kéwú nílé wa lè jókòó kó kà á fúnra rẹ̀: Sijilmasa, Aghmat, Fez, Almería. Nínú gbogbo owó tí mo dárúkọ, òun nìkan ló ń sọ ibi tí wọ́n bí i sí àti ìgbà tí wọ́n bí i, láìsí pé ẹ wá ọ̀mọ̀wé kankan. Ti Ali ibn Yusuf (1106 sí 1143) ló wọ́pọ̀ jù. Iye rẹ̀ kéré jìnnà sí ti noble, bẹ́ẹ̀ wúrà inú rẹ̀ lé díẹ̀ ní ìdajì ti noble.

Orúkọ rẹ̀ rìn jìnnà débi pé Alfonso Kẹjọ ti Castile ní Sípéènì, ọba Kírísítẹ́nì, lu tirẹ̀ ní Toledo lẹ́yìn 1170 pẹ̀lú lẹ́tà Lárúbáwá, ó fi àgbélébùú sí i, ó sì pe póòpù Róòmù ní ìmáàmù níbẹ̀.

Èyí tó pé àti èyí tí wọ́n ti tún ṣe

Àwa fẹ́ràn wúrà lọ́rùn, àwọn ará Yúróòpù àtijọ́ náà fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ owó wọ̀nyí ni wọ́n ti jó etí mọ́ ẹ̀gbà ọrùn rí, tí wọ́n sì yọ ọ́ lẹ́yìn náà. Ẹ yí owó náà padà, ẹ wo etí rẹ̀ yíká lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po 10. Ní ibi aago méjìlá, bí ẹ bá rí wúrà tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, tó dán jù tàbí tó wú díẹ̀, wọ́n ti jó nǹkan mọ́ ọn rí. Owó bẹ́ẹ̀ lè sọ ìdajì iye rẹ̀ nù. Èyí tí wọ́n ti fi ẹnu irin fín lẹ́tà rẹ̀ kó lè hàn ketekete burú ju èyí tí lẹ́tà rẹ̀ pa rẹ́ fúnra rẹ̀ lọ. Owó tó wọ́ díẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Wúrà tó mọ́ rọ̀, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Ẹ má sì gbìyànjú láti tọ́ ọ.

Ayédèrú

Òṣùwọ̀n tó ń ka ìdá ọgọ́rùn-ún gíráàmù ni ẹ kọ́kọ́ nílò. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn owó náà nínú afẹ́fẹ́, ẹ tún wọn ọ́n bó ṣe wà nínú omi, kí ẹ sì fi ìyàtọ̀ àárín ìwọ̀n méjèèjì pín ìwọ̀n ti afẹ́fẹ́. Wúrà tó mọ́ wúwo ní ìlọ́po 19.3 omi, bí noble bá fún yín ní 15, nǹkan mìíràn ló wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ayédèrú tí wọ́n fi wúrà gidi ṣe wà, òṣùwọ̀n kò sì lè mú ìyẹn. Níbẹ̀ ni òòlù ti máa ràn yín lọ́wọ́. Nítorí pé ọwọ́ ni wọ́n fi lu ojúlówó, owó méjì kò lè fì sí ibì kan náà, kí wọ́n ya ní ibì kan náà, kí ojú wọn sì ha ní ibì kan náà. Ẹ lọ wo àwòrán àwọn tí wọ́n ti tà sẹ́yìn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá rí ìkejì tí àléébù rẹ̀ bá tiyín mu géérégé, inú ohun ìyọ́dà kan ni méjèèjì ti jáde. Ihò kéékèèké bíi ti abẹ́rẹ́ lójú owó, tàbí ìlà kan tó yí etí ká, ohun kan náà ló ń sọ.

Oníṣòwò àbí gbàǹjo

Níbi gbàǹjo, iye tí wọ́n lu òòlù sí kọ́ lẹ máa san. Owó ilé gbàǹjo wà lórí rẹ̀, ó sábà máa ń tó ìdá márùn-ún iye náà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba sì tún ń gba owó orí lórí ìyẹn. Ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó nawọ́ sókè. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, ní London, wọ́n ta pẹ́nì wúrà Henry Kẹta ti 1257, tí ẹnì kan fi ẹ̀rọ awárin rí nínú oko ní Hemyock. £540,000 ni òòlù balẹ̀ sí. £648,000 ni ẹni tó rà á san. Ìdá kan náà ló máa ń bá ducat kékeré pàápàá.

Ọwọ́ oníṣòwò wọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lè di owó náà mú, ẹ lè bi í léèrè, ẹ sì lè dá a padà. Fún ẹyọ àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ oníṣòwò ni kí ẹ lọ. Ẹ ní kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun á dá gbogbo owó yín padà bó bá hàn pé ayédèrú ni, ọdún yòówù kó jẹ́.

Kí ẹ sì béèrè ibi tó ti wá. Ní England àti Wales, òfin ìṣúra ti 1996 sọ pé owó wúrà tàbí fàdákà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọjọ́ orí wọn ju ọdún 300 lọ, tí wọ́n rí níbì kan náà, gbọ́dọ̀ di mímọ̀ fún ìjọba. Ní Scotland, òfin náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kódà lórí ẹyọ kan. Ẹni tó ní òun rí noble nínú ilẹ̀ láìpẹ́ yìí yẹ kó lè fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn yín. Bí kò bá ní in, ẹ dá a padà fún un, ì báà pọ́n bí i iná. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e jáde kúrò ní Britain lọ sílé tàbí sí Amẹ́ríkà, ẹ béèrè nípa ìwé àṣẹ kí ẹ tó sanwó, kó máà jẹ́ pápákọ̀ òfurufú lẹ ti máa gbọ́ ọ. Ìwé ìrajà, àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn, orúkọ gbàǹjo tó ti tà á rí, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ tọ́jú síbi tí àwọn ọmọ yín ti lè rí i.